Kí Ni Technical Writing, Kí Ló sì Kan Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Nínú Rẹ̀?

Ẹ wo ọ̀rá kékeré tí kẹ́mísì fi ń di oògùn fún wa. Báírò ni wọ́n á fi kọ "2 × 3" sí i lára. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: kóró méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Màmá tó gbé oògùn náà dé Ìjẹ̀bú-Igbó lálẹ́ lè kà á sí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlòmíì á lo mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́. Ẹni tó tiẹ̀ kà á bó ṣe yẹ kò mọ̀ bóyá kí òun jẹun kí òun tó lò ó, tàbí ohun tí òun máa ṣe bí òun bá gbàgbé ti ọ̀sán. Kò sí òpè nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ìwé tí wọ́n fún wọn ni kò pé.

Iṣẹ́ kíkọ ìwé tó pé, tí ẹni tó bá kà á á lè fi ṣe nǹkan láìṣìṣe, ni wọ́n ń pè ní technical writing. Orúkọ yìí ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn mìíràn rò pé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pé ẹni tí kò bá lè sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi lọ́yà kò lè ṣe é. Òótọ́ ni pé ó pẹ́ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń wá irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀: ìwé ìlò tí Joseph Chapline kọ fún kọ̀ǹpútà BINAC ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1949 wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, kò sì ní èdè tirẹ̀. Àlàyé ara ìgò oògùn apakòkòrò, ìwé tó wà nínú páálí jẹnẹrétọ̀, ìkìlọ̀ ìjọba nípa omíyalé, ìlànà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé bó bá fẹ́ gba ẹ̀bí lóru, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹnì kan mọ nǹkan kan. Ẹlòmíì tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe nǹkan náà. Ìwé ló wà láàárín wọn.

Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ìtàn kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, ní pápá Wright ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkọ̀ òfurufú tuntun kan tí Boeing ṣe, Model 299, gbéra nílẹ̀, ó sì já. Àgbà ọ̀jẹ̀ ló wà á. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń de ìrù ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa jù ú nígbà tó bá dúró sílẹ̀ ni wọ́n gbàgbé láti tú. Èèyàn méjì kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ní kí àwọn awakọ̀ lọ tún iṣẹ́ wọn kọ́. Wọ́n kọ ìwé pélébé kan tí awakọ̀ á máa kà kó tó gbéra, ohun kan lẹ́yìn òmíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ pa tì nítorí pé ó le jù láti wà ló padà di B-17 tí wọ́n lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ìwé pélébé irú rẹ̀ náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2008 fún àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ. Tí ìwé bá lè ran àgbà awakọ̀ àti dókítà lọ́wọ́, kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nínú wa láti kà á.

Ọ̀rọ̀ ìlú ló kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú tó lè fara da àjálù, ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kò le: bí omi bá ya wọlé, bí àrùn bá dé, bí iná bá sọ, ṣé ìlú náà á lè máa mí, ṣé á sì tètè padà bọ̀ sípò? Owó ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn, lẹ́yìn náà irinṣẹ́. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàìní ọmọ ìlú tó lawọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó gbẹ́ bọ́hólù fún àdúgbò bàbá rẹ̀, ọmọ Rẹ́mọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ra tiransifọ́mà, ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́ kọ́ yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n á gé rìbọ́nù, a ó jẹ, a ó mu. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ lọ wo ibẹ̀: ìmọ̀ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ wà lórí bàbá kan ṣoṣo. Bí bàbá náà bá lọ kí ọmọ l'Ábùjá, omi dá. Bí ó bá kú, ẹ̀rọ bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bọ́hólù yìí dáadáa. Irú ìwé tí a sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ilé ẹ̀rọ rèé: "A rọ gbogbo ará àdúgbò pé kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ omi yìí bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá bà á jẹ́ yóò fojú winá òfin." Ẹni tó kọ ọ́ ní èrò rere. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán pé kó lọ pọn omi sí táǹkì lálẹ́, tí kò sí iná, tí olùtọ́jú kò sí nílé, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Kí ni ó tọ́? Kí ni ó yẹ? Ẹ wá wo èyí:

Bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ omi nígbà tí kò bá sí iná NEPA
1. Rí i pé ọwọ́ ṣéńjóvà wà ní àárín, níbi tí a kọ OFF sí.
2. Ìta ni kí o ti tan jẹnẹrétọ̀. Má tan án nínú ilé ẹ̀rọ: èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn.
3. Dúró fún ìṣẹ́jú 3.
4. Ti ọwọ́ ṣéńjóvà sí GEN.
5. Tan suwíìṣì pupa. Fetí sí omi nínú páìpù.
6. Bí o kò bá gbọ́ omi títí ìṣẹ́jú 5, pa suwíìṣì pupa kíá. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ tí kò fa omi yóò jóná.
7. Bí omi bá ti ń dà sílẹ̀ láti orí táǹkì, pa suwíìṣì pupa, dá ṣéńjóvà padà sí OFF, lẹ́yìn náà kí o pa jẹnẹrétọ̀.

Nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì, kì í ṣe ẹnì kan, àti ọjọ́ tí a kọ ìwé náà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ju gígùn àti kúkúrú lọ. Ìwé kejì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó dá wà, tó ń kánjú, tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó sọ orúkọ ohun tó máa fojú rí, suwíìṣì pupa, kò pè é ní "ohun èlò ìṣàkóso". Ìkìlọ̀ èéfín wà ní ibi tí ewu èéfín wà, kí ọwọ́ tó kan jẹnẹrétọ̀, kò sí nísàlẹ̀ níbi tí èèyàn á dé lẹ́yìn tó ti ṣe é tán. Ó sọ bí ó ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa, ó sì sọ ohun tó máa ṣe bí kò bá lọ dáadáa. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn nínú ẹ̀kọ́ yìí pọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ìlà méje wọ̀nyẹn.

Àṣà wa gan-an ń fà wá sẹ́yìn díẹ̀ lórí èyí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ibi tó bá yẹ ni a sì ń lò ó: nínú ìbáwí, nínú ẹ̀bẹ̀, láàárín àna àti àna. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tàbí lẹ́bàá ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àbọ̀ ọ̀rọ̀ léwu. Odindi ni kí á sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá sọ ohun gbogbo, a ń fi àgbàlagbà ṣe ọmọdé nìyẹn. Rárá o. Àgbàlagbà tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná kò ní ráyè láti máa parí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń yàgbẹ́ yìí ti kan ìwé kíkọ gan-an ni omi ṣúgà àti iyọ̀. Láwọn ọdún 1980, ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní Nàìjíríà ni pé kí wọ́n fi ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì wọn omi, ìyẹn 60cl. Kí wọ́n bu ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá sí i, tàbí kóró ṣúgà márùn-ún, àti ṣíbí iyọ̀ kan. Ṣíbí ọ̀hún, mílílítà 3 ló gbọ́dọ̀ gbà, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹni tó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ronú jinlẹ̀. Kò ní kí ìyá lọ ra òṣùwọ̀n. Ohun tó wà nínú ilé ló lò. Ẹ̀mí àìmọye ọmọ ni irú omi bẹ́ẹ̀ ti gbà là.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Ìgò mínírà onígíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú ọjà, oníke ló gbòde, ó sì lè jẹ́ 35cl, 50cl tàbí 60cl. Ṣíbí tíì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí ń gba mílílítà 5. Ìyá àgbà tó há ìlànà náà sórí láti ìgbà náà, tó fẹ́ kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ìpẹru, á sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un: ìgò méjì, ṣíbí mẹ́wàá, ṣíbí kan. Bí ìyàwó bá lo ìgò oníke 50cl méjì pẹ̀lú ṣíbí kékeré àtijọ́, omi náà á ṣàn jù. Bí ó bá lo omi 60cl, tó wá fi ṣíbí ńlá bu iyọ̀, iyọ̀ á pọ̀ jù, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé iyọ̀ àpọ̀jù lè mú gìrì bá ọmọ tí omi ti tán lára rẹ̀. Ìmọ̀ náà kò sọnù. Òṣùwọ̀n ló yí padà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún ìwé náà kọ.

Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ lónìí fún ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Òde-Rẹ́mọ, bí màá ṣe kọ ọ́ nìyí. Àkọ́kọ́: ra ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, èyí tó máa ń bá síńkì wá, ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, wo iye omi tí wọ́n ní kí o pò ó mọ́. Bí kò bá sí ORS nítòsí: bu omi mímọ́ lítà 1 sínú abọ́ tí o ti fọ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí a kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà 1. Bu ṣúgà ṣíbí tíì 6 sí i. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tẹ́jú. Bu iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì kan náà, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rò ó títí yóò fi yòrò. Fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, léraléra. Bí ó bá bì í, dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Da èyí tó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Má dá ọmú dúró. Bí ọmọ kò bá lè mu, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, gbé e wá síbí lójú ẹsẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru. Síńkì, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó; bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dúró, má dá a dúró.

Àwọn òṣùwọ̀n yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń fọ́n káàkiri fún omi tí a pò nílé. Àwọn fúnra wọn tún ìlànà ORS inú ọ̀rá ṣe lọ́dún 2002, wọ́n dín iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ìwé ìlànà. Ìwé tí kò ní ọjọ́ kò lè gbó lójú ẹni tó ń kà á.

Ohun mìíràn wà tó máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, kò tíì pẹ́ tí Ebola wọ Èkó, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún lóru káàkiri Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ìyá ń pe ọmọ: ẹ fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀, Ebola kò ní ràn yín. Irọ́ gbáà ni. Lóṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ mímu.

Kí ló dé tí irọ́ náà fi sáré tó bẹ́ẹ̀? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ ohun tí a ó lò: iyọ̀ àti omi, ó sì wà nílé gbogbo wa. Ó sọ àkókò: kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sọ ohun tí a ó ṣe: wẹ̀, mu. Ó rọrùn láti há sórí, ó rọrùn láti tún sọ fún ẹlòmíì. Ní ti kíkọ, ìlànà tó dáa ni. Òtítọ́ ní tirẹ̀ ń sọ fún wa pé kí a má fòyà, kí a máa ṣọ́ra, kí a máa ṣe ìmọ́tótó. Ṣọ́ra báwo? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó bá fún un ló máa gbà gbọ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé bí òtítọ́ kò bá kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni yóò máa ṣáájú rẹ̀ dé ilé àwọn èèyàn wa.

Ìwé tó dáa náà sì ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, bí kò tilẹ̀ pariwo. Àwọn tó ń tọpasẹ̀ àwọn tó fara kan aláìsàn wo èèyàn 894, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò tó tó 18,500. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, ọjọ́ 21 ni wọ́n ń kà, ìgbóná ara ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ ibi tí onítọ̀hún bá a dé. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wọ́n ti kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà.

Ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan tún ṣe pàtàkì láti kọ sílẹ̀, gààrí ló sì dára jù láti fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ará Ìjẹ̀bú. Gààrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ohun ìkánjú. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dì í sápò, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, kí a tó sẹ́ ẹ, kí a tó yan án. Gbogbo ìyá tó ń ṣe é ló mọ̀ pé ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kó kan. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ ohun kejì tí wọ́n ń ṣe. Nínú ẹ̀gẹ́ ni ohun kan wà tó ń di májèlé sáyánáìdì. Rírin ló ń tú u sílẹ̀, ọjọ́ tó lò nínú àpò àti omi tó ń jò jáde ló ń dín in kù, iná abẹ́ agbada ló ń lé ìyókù.

Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ní agbègbè Nampula lórílẹ̀-èdè Mozambique. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù tí wọ́n ń rí jẹ, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n lè dúró ti iye ọjọ́ tí wọ́n máa ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé ni. Konzo ni wọ́n ń pe àrùn náà, kì í sì í lọ. Tiwọn kọ́ ni gààrí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀gẹ́ tiwọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá: ìgbà ìṣòro ni èèyàn máa ń gé ìlànà kúrú, ibi tí kò bá sì mọ ìdí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gé. Nítorí náà, bí a bá ń kọ bí a ṣe ń ṣe gààrí fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, "fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta" kò tó. Kí a fi ìlà kan kún un: "Má dín in kù bí owó tilẹ̀ ń ká ọ lára, ọjọ́ wọ̀nyí ló ń mú májèlé kúrò." Gbogbo ìlànà kọ́ ló nílò ìdí. Èyí tí ẹ̀mí bá rọ̀ mọ́ nílò rẹ̀.

Omíyalé náà ńkọ́? NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, ló ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí; NIHSA, àjọ ìjọba tó ń wo odò àti omi, ló ń sọ ibi tí omi lè kún dé. Lọ́dún 2022, ó ju 600 èèyàn tí omi pa ní Nàìjíríà, ó sì ju mílíọ̀nù kan lọ tó lé kúrò nílé. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn àjọ wọ̀nyí ń ṣe. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ apẹja ní Ìwòpin tàbí Mákùn, "òjò yóò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ" nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ló yẹ kó mọ bí a ṣe ń sọ ìyẹn di ohun tí ọwọ́ lè ṣe: òpó tí a fi ọ̀dà pupa kùn létí omi, bí omi bá dé ibẹ̀, ilé wo ló máa kọ́kọ́ kó, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà, ta ló máa gbé àwọn arúgbó, ilé ìwé wo ni wọ́n máa sùn sí.

Ní Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó ń lọ sí Ọ̀rẹ àti Bìní, ewu tirẹ̀ ni táńkà. Ẹni tó bá pe 112, tàbí 122 tó jẹ́ ti FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tó wá ń lọgun pé "ẹ gbà wá o, iná ń jó", kò tíì sọ nǹkan tí wọ́n lè lò. Ọ̀nà tó ń lọ síbo? Ó ti kọjá ibo? Táńkà epo ni àbí ti gáàsì? Ó ti ń jó àbí ó ṣì ń jò? Èèyàn ha wà nínú ọkọ̀? Ọmọ pírámárì lè kọ́ ìbéèrè márùn-ún yìí sórí, kó sì dáhùn wọn. Ẹ̀kọ́ technical writing kì í parí sórí ìwé.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ wá? Ọ̀nà tó wù mí jù fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni ìkọ́kọrẹ́. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú kọ bí a ṣe ń se é, kó sì fún ọmọ tó wá láti Ṣakí tàbí Mákúrdí pé kó sè é, kó ṣe ohun tó wà lórí ìwé nìkan. Ẹni tó kọ ọ́ á jókòó síbẹ̀, kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọmọ tó ń sè é á kà pé "rin ewùrà, kí o dá a sínú ọbẹ̀". Á bẹ̀rẹ̀ sí rò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé kí ó fi ọwọ́ bù ú ní kóńkó-kóńkó, kí ó má sì fi ṣíbí kàn án títí tó fi máa dì. Á di ọbẹ̀ ṣíṣàn. Ẹni tó kọ ọ́ á máa ta nídìí àga, ọ̀rọ̀ á fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà: gbogbo ibi tí ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ni ìlà kan ti yẹ kó wà nínú ìwé rẹ̀. Á padà lọ kọ ọ́, wọ́n á tún un sè. Bí àwọn oníṣẹ́ yìí ṣe ń dán ìwé wò ní ilé iṣẹ́ ńláńlá náà nìyẹn, ọ̀nà ọ̀hún kò sì náni ju ewùrà àti ẹja lọ.

Àwọn tó lè kọ́ wọn wà nítòsí. Yunifásítì ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Táí Ṣólàrín pè ní Ìjagun ti ń kọ́ olùkọ́ láti ọdún 2005, Ṣólàrín fúnra rẹ̀ sì ni ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹnnẹ́ lọ́dún 1956, níbi tí ọmọ ilé ìwé ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe oko àti ilé. Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ń kọ ìwé gígùn kó lè gboyè, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tàbí mẹ́ta máa kà. Kí ó tún kọ ojú ewé kan ní Yorùbá, tí oníbọ́hólù tàbí agbẹ̀bí máa lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èyí rẹlẹ̀. Kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Ojú ewé kan tí èèyàn lè lò le ju ogójì ojú ewé tó kún fún àyọlò lọ.

Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní tiwọn ní fírídọ̀mù. Kí ọmọṣẹ́ vọ́káníṣà tàbí rewáyà tó gba fírídọ̀mù, kí ọ̀gá ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹni tó mọ̀wé bá a kọ ọ́ bí òun kò bá mọ̀wé, kí ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì fi ṣiṣẹ́ lójú gbogbo wọn. Regberegbe, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, tó ń múra bákan náà lọ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá lè mú ìlànà kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀: ọ̀kan fún omíyalé, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ rọbí lóru. CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kúkú ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti ka ìlànà kan sókè. Kíkà sókè yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà wa tó lóye jù kò mọ̀wé, etí wọn ló sì máa gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́.

Kí ẹ̀dà ìwé wà ní ààfin, kó wà ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kó wà lórí fóònù, kó sì wà lórí páálí tí a fi ọ̀rá bò, nítorí pé fóònù máa ń kú nígbà tí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò ní oṣù Kejì lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà wo ni kò lọ mọ́, ta ló ti kó kúrò ládùúgbò, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ti pààrọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo ìlànà bọ́hólù tó wà lókè yẹn fún àdúgbò tirẹ̀, kó kọ́kọ́ pe rewáyà tó so ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n jọ kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéńjóvà gan-an, torí ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn kò ní jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú tí omi fi ń gòkè sì yàtọ̀ láti kànga kan sí èkejì.